Àyíká Gálásì àti Ìwúwo Ìràwọ̀ Tuntun: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Máa Ń Bi Wá Jù

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ojú ọ̀run bá mọ́, a máa ń gbé awò awọ̀nàjíjìn lọ sórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan ní Yábàá. Akẹ́kọ̀ọ́, òbí àti aládùúgbò ló ń wá wò. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n ń bi wá ní àbítúnbí, pàápàá láti ìgbà tí a ti sọ fún wọn pé ìràwọ̀ kì í ṣe ọjọ́ orí kan náà, wọn kì í sì í ṣe ìwúwo kan náà. Mo kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á kó tó gun àtẹ̀gùn wá.

Kí ni gálásì?

Àkójọ ìràwọ̀, gáàsì, eruku àti ohun mìíràn tí ojú kò rí ni, tí òòfà, agbára tó ń fa ohun tí a bá jù sókè padà wá sílẹ̀, so wọ́n pọ̀ sójú kan. Èyí tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Milky Way. Ìràwọ̀ inú rẹ̀ kò dín ní 100 bílíọ̀nù. Kò sí ohun tó yára tó ìmọ́lẹ̀, síbẹ̀ yóò lò tó nǹkan bí 100,000 ọdún kó tó la gálásì yìí já láti etí kan dé èkejì.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bí ìràwọ̀?

Inú ìkùukùu gáàsì tó tutù ni wọ́n ti ń jáde. Mo ní kó tutù gidi: nínú gálásì tiwa, ìkùukùu tó ń bí ìràwọ̀ máa ń tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 263 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òòfà gáàsì náà ń fà á jọ, ooru inú rẹ̀ ń tì í padà. Ibi tí òòfà bá ti borí, gáàsì á wó sínú ara rẹ̀, á pín sí kókó kókó, kókó kọ̀ọ̀kan á sì máa gbóná bó ṣe ń kì sí i. Tí àárín rẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ìwọ̀n Celsius, haidirójìn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di hílíọ̀mù. Ìràwọ̀ ti dé nìyẹn.

Ìràwọ̀ kì í sábà dá wá sáyé. Agbo-agbo ni wọ́n ń wá látinú ìkùukùu kan náà, bí ọmọ ìyá, nígbà mìíràn ọgọ́rùn-ún, nígbà mìíràn ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Kí ni ẹ ń pè ní ìwúwo ìràwọ̀?

Bí ohun tó kóra jọ sínú ìràwọ̀ náà ṣe pọ̀ tó ni. Bí àwọn ìyá wa lọ́jà ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí, oòrùn wa ni kóńgò tí a fi ń wọn ìràwọ̀. Oòrùn fúnra rẹ̀ wúwo ju ayé yìí lọ ní ìlọ́po 330,000. Ìràwọ̀ tó kéré jù tó ṣì lè dáná haidirójìn wúwo tó nǹkan bí 0.08 oòrùn. Èyí tó bá kéré sí i, iná rẹ̀ kò ní ràn. Lápá òkè, ìràwọ̀ kan wà tó ń jẹ́ R136a1 tí wọ́n ṣírò pé ó súnmọ́ 200 oòrùn.

Ìwúwo yìí ni orí tí ìràwọ̀ yàn wáyé. Oòrùn wa yóò lo nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún, ó sì ti lo 4.6 bílíọ̀nù nínú rẹ̀. Ìràwọ̀ tó wúwo tó ogún oòrùn kì í lò ju nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún lọ. Kékeré tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá oòrùn yóò wà fún ọ̀pọ̀ tírílíọ̀nù ọdún, torí ìwọ̀nba ló ń jó lójúmọ́. Igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó: àwọn tó tóbi jù, tí wọ́n mọ́lẹ̀ jù, ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ, ìbúgbàmù ni wọ́n sì fi ń lọ.

Ṣé ìràwọ̀ tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ tèmi wà lára wọn?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé "ìràwọ̀ mi á tàn," àdúrà tó dára ni, mo máa ń ṣe àmín sí i. Àmọ́ ohun tí à ń wọ̀n lórí òrùlé kì í ṣe àyànmọ́ ẹnikẹ́ni. Gáàsì tó ń jó ni.

Èwo ló pọ̀ jù, ìràwọ̀ ńlá tàbí kékeré?

Kékeré ló pọ̀ jù, ó sì pọ̀ ju ńlá lọ lọ́nà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹ da kóńgò gàrí kan sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, irú gàrí tí wọn kò tíì sẹ́. Ẹ fi ìka tú u wò. Ẹ ó rí kókó ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ lè ṣà, ẹ ó rí bí ogójì tó tóbi tó ẹ̀wà, ìyókù á jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Bí ìràwọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ní àdúgbò oòrùn wa, nǹkan bí mẹ́ta nínú ìràwọ̀ mẹ́rin ló jẹ́ pupa kékeré. Èyí tó súnmọ́ wa jù, Proxima Centauri, wà lára wọn. Ọdún ìmọ́lẹ̀ 4.24 péré ni ọ̀nà rẹ̀ (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní ọdún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan), síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán rí i.

Ní 1955 ni Edwin Salpeter, ọmọ bíbí ìlú Vienna tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi iye sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ka ìràwọ̀ àdúgbò wa, ó sì rí i pé bí ìwúwo ṣe ń lọ sókè ni iye wọn ń lọ sílẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ kan pàtó, 2.35. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ti ọjà: bí wọ́n bá bí 100 ìràwọ̀ tí ìwúwo wọn wà láàárín oòrùn kan sí méjì, nǹkan bí 39 ni wọn yóò bí láàárín méjì sí mẹ́rin, 15 láàárín mẹ́rin sí mẹ́jọ, àti mẹ́fà péré láàárín mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún.

Lẹ́yìn rẹ̀, Pavel Kroupa ní 2001 àti Gilles Chabrier ní 2003 tún un ṣe fún àwọn kékeré. Wọ́n fi hàn pé nísàlẹ̀ ìdajì oòrùn, iye wọn kì í fò sókè tó bí ìdagẹ̀rẹ̀ Salpeter ṣe ní kó fò. Ẹ fi nọ́ńbà 2.35 yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i. Tí ìdagẹ̀rẹ̀ bá tóbi jù ú lọ, ìràwọ̀ ńlá ṣọ̀wọ́n sí i. Tó bá kéré sí i, ìràwọ̀ ńlá pọ̀ sí i.

Kí ló kàn wá bóyá ńlá ni àbí kékeré?

Ọ́síjìn tí à ń mí sínú, púpọ̀ jù lọ rẹ̀ jáde látinú ìràwọ̀ tó wúwo ju oòrùn mẹ́jọ lọ. Irú wọn kì í tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ìràwọ̀ tí wọ́n bí. Gálásì tí kò bá bí wọn tó, ọ́síjìn yóò wọ́n níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò náà tún wà níbẹ̀. Kò sí awò tó lè ka ìràwọ̀ gálásì tó jìnnà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ àpapọ̀ ni wọ́n ń rí, wọ́n á wá fi ìpín ìràwọ̀ ńlá àti kékeré, bíi ti Salpeter tàbí ti Kroupa, sọ ọ́ di ìwúwo. Tí ẹ bá lo ti Salpeter dípò ti Kroupa, gálásì kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, ìwúwo ìràwọ̀ rẹ̀ á fi nǹkan bí ìlọ́po 1.6 pọ̀ sí i lórí ìwé. Kóńgò ti yàtọ̀ nìyẹn. Oníṣòwò tó bá mọ ohun tí kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọ inú ń ṣe fún oníbàárà yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí lọ́kàn.

Kí ni "àyíká gálásì" túmọ̀ sí?

Ohun méjì, ẹ má sì jẹ́ kó dàrú mọ́ra. Ọ̀kan ni ilé tí wọ́n bí ọmọ sí, èkejì ni àdúgbò tí ilé náà wà. Ilé ni ipò gáàsì níbi tí ìràwọ̀ ti ń jáde: bó ṣe gbóná tó, bó ṣe kì tó, iye èròjà wíwúwo bíi kábọ́nù àti irin tó wà nínú rẹ̀, àti ìtànṣán tó ń gbá a láti ara àwọn ìràwọ̀ tó ti wà níbẹ̀. Àdúgbò ni àwọn gálásì tó yí i ká: ṣé ó dá wà ni, àbí ó wà láàárín agbo gálásì bíi ti Virgo, tó wà ní nǹkan bí 54 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa, tí ẹgbẹ̀rún gálásì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́?

Báwo ni ilé yìí ṣe lè yí ìwúwo ọmọ padà?

Ẹ rántí ìjà òòfà àti ooru. Gáàsì tó gbóná ń tì padà gan-an, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ kó ara jọ púpọ̀ kí òòfà tó borí, kókó tó bá jáde á sì tóbi. Gáàsì tó tutù tó sì kì rọrùn láti pín, kókó rẹ̀ á kéré. James Jeans, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ ṣírò ìdíwọ̀n yìí ní 1902.

Èròjà wíwúwo wọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé òun ni fèrèsé tí ooru ń gbà jáde. Kábọ́nù, ọ́síjìn àti eruku ń gba ooru gáàsì, wọ́n ń tú u dànù bí ìtànṣán. Yàrá tí kò ní fèrèsé ní oṣù kẹta ní Èkó, gbogbo wa mọ bó ṣe ń rí. Gáàsì tí kò ní èròjà wọ̀nyí kò lè tutù dáadáa, ìràwọ̀ rẹ̀ yóò sì tóbi. Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ńlá tó wà nítòsí náà ń gbóná mọ́ gáàsì tó ṣẹ́kù. Ìjì inú gáàsì fúnra rẹ̀ tún ń fún un pọ̀ níbì kan, ó ń tú u ká níbòmíràn. Gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì máa ń tako ara wọn. Ìyẹn ló mú kó ṣòro láti fi ìmọ̀ nìkan sọ ohun tí a ó rí. Ó di dandan ká lọ wò ó.

Tí wọ́n lọ wò ó nítòsí, kí ni wọ́n rí?

Pé ìyàtọ̀ kò tó nǹkan, lọ́pọ̀ ibi. Ní 2015, Daniel Weisz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àwòrán awò Hubble láti ka ìràwọ̀ inú 85 agbo kéékèèké nínú gálásì Andromeda. Láti agbo dé agbo, ìdagẹ̀rẹ̀ wọn jọra wọn, nǹkan bí 2.45. Ó súnmọ́ ti Salpeter, ìràwọ̀ ńlá kàn dín díẹ̀ ni.

Ibì kan wà tó yàtọ̀. Nínú Large Magellanic Cloud, gálásì kékeré tó ń bá tiwa rìn ní nǹkan bí 160,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìkùukùu ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní 30 Doradus. Inú rẹ̀ ni R136a1 tí mo dárúkọ lókè wà. Èròjà wíwúwo tó wà ní gálásì náà jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti oòrùn. Ní 2018, Fabian Schneider àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wọn ìràwọ̀ 247 níbẹ̀ tó wúwo ju oòrùn 15 lọ. Wọ́n rí i pé àwọn tó wúwo ju ọgbọ̀n oòrùn lọ fi nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju iye tí Salpeter ní kó wà. Ìdagẹ̀rẹ̀ tiwọn jẹ́ 1.90. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìràwọ̀ ni wọ́n wọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò fi ìmọ́lẹ̀ àpapọ̀ méfò.

Àárín gálásì tiwa ńkọ́?

Ibẹ̀ le. Ihò dúdú kan, ohun tí òòfà rẹ̀ le débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde nínú rẹ̀, tó wúwo tó mílíọ̀nù mẹ́rin oòrùn wà níbẹ̀, ní nǹkan bí 26,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Gáàsì ibẹ̀ kì ju tiwa lọ, ó gbóná jù, ó sì ń ru gùdù. Nínú agbo ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó ń jẹ́ Arches, wọ́n rí ìdagẹ̀rẹ̀ tó tó nǹkan bí 1.8. Lára àwọn ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó ń yí ihò dúdú náà ká gan-an, iṣẹ́ kan ní 2010 sọ pé 0.45, òmíràn ní 2013 sọ pé 1.7. Ẹ rí bí àlàfo àárín méjèèjì ṣe tóbi tó. Síbẹ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀ 2.35, ibi kan náà ni wọ́n dojú kọ: ìràwọ̀ ńlá pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣé a lè ṣáà ka ìràwọ̀ ká sì mọ bí wọ́n ṣe bí wọn?

Ẹni tó dé òde àríyá ní aago mọ́kànlá alẹ́ lè ka àwọn tó wà níkàlẹ̀, àmọ́ kò lè fi ìyẹn mọ iye àgbà tó wá lọ́sàn-án. Ìràwọ̀ ńlá ti kú kí awò tó dé ibẹ̀. Àwọn kan tún ti jáde kúrò nínú agbo torí pé ẹlòmíràn tì wọ́n dànù, àwọn tó wúwo sì máa ń rọ́ sí àárín. Òmíràn tún wà: ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn ká lè dà bí ọ̀kan lójú awò, kí ẹ wá ka ìwúwo tí kì í ṣe ti ẹnìkan. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò kúrò kí wọ́n tó dá ìdagẹ̀rẹ̀ kan lẹ́jọ́. Nítorí náà, agbo tí kò tíì pé mílíọ̀nù ọdún mélòó kan ni wọ́n máa ń wá kiri.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìràwọ̀ kékeré inú gálásì tó jìnnà, nígbà tí ìràwọ̀ ńlá ti bo ojú wọn?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ wà lórí Third Mainland Bridge ní alẹ́, ẹ wo ìhà Èkó. Àwọn ilé gogoro Marina ni iná wọn kọ́kọ́ wọ ojú yín. Ẹ yí ojú sí Mákòkó: fìtílà àti iná kékeré pọ̀ lórí omi níbẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá ya àwòrán láti òkèèrè, wọn kò ní kún ìka kan. Bí ìràwọ̀ kékeré ṣe rí nìyẹn. Àwọn ló pọ̀ jù, àwọn ni ìmọ́lẹ̀ wọn kéré jù.

Àmọ́ tí fìtílà bá ní àwọ̀ kan tí iná ilé gogoro kò ní, ẹ lè dá a mọ̀ láti òkèèrè. Ohun tí Pieter van Dokkum àti Charlie Conroy ṣe ní 2010 nìyẹn. Ìràwọ̀ pupa kékeré máa ń gé ibì kan pàtó kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ gálásì, nítorí sódíọ̀mù àti èròjà tí irin àti haidirójìn para pọ̀ ṣe tó wà lójú wọn. Ìràwọ̀ pupa tó ti dàgbà tó sì ti wú kì í fi àmì náà hàn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n la ìmọ́lẹ̀ gálásì mẹ́jọ sí àwọ̀ pẹ̀lú awò Keck ní Hawaii, mẹ́rin láti agbo Virgo, mẹ́rin láti agbo Coma tó jìnnà ju Virgo lọ. Àmì ìràwọ̀ kékeré tí wọ́n rí pọ̀ ju tiwa lọ.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n wọn gálásì náà fúnra rẹ̀, nípa bí ìràwọ̀ inú rẹ̀ ṣe ń sáré tó, tàbí nípa bí òòfà rẹ̀ ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ gálásì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ìwúwo bá pọ̀ ju ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè ṣàlàyé, ìràwọ̀ tí kò mọ́lẹ̀ ti fara pamọ́ síbẹ̀. Ní 2012, Michele Cappellari àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí fún gálásì 260, wọ́n sì rí i pé bí ìràwọ̀ gálásì ṣe ń sáré sí i ni ìwúwo yìí ń ju ìmọ́lẹ̀ lọ sí i.

Gálásì tó ń bí ìràwọ̀ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́?

Òdìkejì ni wọ́n rí níbẹ̀. Ní 2011, Madusha Gunawardhana àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálásì, wọ́n sì rí i pé bí gálásì ṣe ń bí ìràwọ̀ kíákíá tó ni ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń dín kù tó, ìyẹn ni pé ìràwọ̀ ńlá ń pọ̀ sí i.

Ní 2018, Zhi-Yu Zhang àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n fi awò ALMA, tó wà ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, wo gálásì mẹ́rin tó jìnnà gan-an tí eruku bo mọ́lẹ̀. Irú ọ́síjìn kan, ọ́síjìn-18, inú ìràwọ̀ ńlá ló ti ń jáde jù. Kábọ́nù-13 ń jáde jù látinú àwọn tó kéré sí wọn. Wọ́n wọn méjèèjì nínú gáàsì, ọ́síjìn-18 sì pọ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé ìpín ìràwọ̀ bíi tiwa kò lè ṣàlàyé rẹ̀. Bí ẹni tó fi eérú ṣe mọ irú igi tí wọ́n dá ni.

Ní etí gálásì àti nínú gálásì kéékèèké, ṣé ìràwọ̀ ńlá ṣọ̀wọ́n?

Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ tó wúwo gan-an máa ń mú haidirójìn tan ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọn tó kéré sí wọn náà sì ń tan ìtànṣán ultraviolet tí ojú wa kò rí. Awò GALEX, tí wọ́n jù sójú ọ̀run ní 2003, rí ìtànṣán yìí níbi tí ìmọ́lẹ̀ pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ní 2009, iṣẹ́ Janice Lee àti ti Gerhardt Meurer fi hàn pé bí gálásì ṣe ń kéré sí i, tí ó ń ṣe jẹ́jẹ́ sí i, ni ìmọ́lẹ̀ pupa ń dín kù ju ultraviolet lọ.

Àmọ́ kí ẹ tó gbà pé òfin ibí ìràwọ̀ yàtọ̀ níbẹ̀, ẹ rántí ohun tí àwọn ará Èkó ń sọ: ọjà Òyìngbò kò mọ̀ pé ẹnìkan kò wá. Gálásì ńlá ni ọjà Òyìngbò. Ìràwọ̀ ńlá kan lè kú lánàá, òmíràn ti rọ́pò rẹ̀. Gálásì kékeré dà bí ìsọ̀ méjì lẹ́bàá ọ̀nà. Tí ìyá kan kò bá wá lónìí, ìdajì ọjà ti ṣófo. Kò túmọ̀ sí pé ó ti fi ọjà sílẹ̀. Kroupa àti Carsten Weidner sọ ní 2003 pé òfin gidi wà níbẹ̀, pé agbo kékeré kò lè bí ìràwọ̀ ńlá. Àwọn mìíràn ní àìpé iye lásán ni. Èmi fara mọ́ àwọn tó ní àìpé iye ló ṣàlàyé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣé àwọn gálásì aládùúgbò ló ń yí ìwúwo ìràwọ̀ padà?

Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá oṣù ni. Gálásì rìbìtì ńlá tó rí bí ẹyin, inú agbo ló pọ̀ sí jù. Inú wọn kan náà ni ìràwọ̀ kékeré ti pọ̀. Ènìyàn lè yára sọ pé agbo ló fà á. Ní 2018, iṣẹ́ kan lórí irú àwọn gálásì yìí ya èyí tó wà láàárín agbo sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dá wà, tí wọ́n sì jọ ní ìwúwo kan náà. Ìpín ìràwọ̀ wọn kò yàtọ̀. Bí ìràwọ̀ inú gálásì náà ṣe ń sáré tó ni ìpín náà ń tẹ̀ lé.

Kì í ṣe pé àdúgbò kò ṣe nǹkan kan. Gálásì tó bá já wọ inú agbo lè pàdánù gáàsì rẹ̀, torí pé gáàsì gbígbóná tó wà láàárín agbo ń fẹ́ ẹ dànù bí ẹni fẹ́ fùlùfúlù. Kò ní bí ìràwọ̀ mọ́ nìyẹn. Àdúgbò máa ń pinnu bóyá wọ́n á bímọ. Bí ọmọ ṣe máa tóbi tó, ilé ló ń pinnu rẹ̀. Èyí ni mo gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti inú ohun tí wọ́n ti wọ̀n títí di báyìí.

Ẹ ní gálásì rìbìtì ní ìràwọ̀ kékeré jù, ẹ tún ní ibi tí wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ kíákíá ní ìràwọ̀ ńlá jù. Ṣé kì í ṣe irú ibi yẹn ló ń di gálásì rìbìtì?

Òun ni, ẹni tó bá béèrè èyí ti fọkàn bá wa lọ. Gálásì rìbìtì ńlá bí púpọ̀ jù nínú ìràwọ̀ wọn kíákíá, láyé àtijọ́. Ó yẹ kí wọ́n ti ní ìràwọ̀ ńlá púpọ̀ nígbà náà. Irú èròjà tó kún inú wọn náà ń jẹ́rìí sí i, ó fi hàn pé ìbúgbàmù ìràwọ̀ ńlá pọ̀ níbẹ̀.

Ohun kan tó tú díẹ̀ nínú kókó yìí ni pé gbogbo inú gálásì kan kọ́ ló rí bákan náà. Ní 2015, Ignacio Martín-Navarro àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àárín gálásì ni ìràwọ̀ kékeré ti pọ̀ jù, tí ẹ bá ń lọ sí etí á di bíi tiwa. Àwọn kan tún dábàá pé ìgbà méjì ló wà: ìràwọ̀ ńlá kọ́kọ́ pọ̀, wọ́n bú gbàmù, wọ́n fi èròjà wíwúwo kún gáàsì, wọ́n sì fún un pọ̀. Gáàsì tó wá tutù tó sì kì yẹn ló bí àwọn kékeré. Àwọn ńlá ti kú tipẹ́, kékeré ló ṣẹ́kù tí awò wa ń rí. Ó bá ohun tí mo sọ nípa fèrèsé mu. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìpele àkọ́kọ́ kò sí lójú ẹnikẹ́ni mọ́ nínú gálásì tí a ń wò lónìí. Inú àwọn tó jìnnà ni a ti lè bá a.

Kí ló dé tí wọ́n fi ọ̀nà méjì wọn gálásì kan náà, tí ìdáhùn kò bára mu?

Russell Smith ló pe gbogbo ayé sí àkíyèsí èyí ní 2014. Ó kó àwọn gálásì tí wọ́n ti fi ìlà àwọ̀ (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti gé, bíi ti sódíọ̀mù) wọ̀n, tí wọ́n sì ti fi eré ìràwọ̀ wọ̀n pẹ̀lú. Tí ẹ bá kó gbogbo wọn pọ̀, ọ̀nà méjèèjì ń sọ pé gálásì ńlá yàtọ̀. Tí ẹ bá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọ̀nà kan sọ pé ó yàtọ̀ jù kọ́ ni èkejì ń tọ́ka sí. Ṣáájú ìyẹn, ní 2013, òun àti John Lucey wo ESO 325-G004, gálásì rìbìtì ńlá kan tí òòfà rẹ̀ ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ bá ìpín lásán bíi tiwa mu, kò sí ìràwọ̀ tó fara pamọ́.

Ibi tí àṣìṣe lè gbà wọlé pọ̀. Ìlà sódíọ̀mù kì í sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ kékeré nìkan. Tí sódíọ̀mù bá pọ̀ nínú gálásì, ìlà náà á jìn. Ìwúwo láti inú òòfà pẹ̀lú ń ka ohun dúdú tí kì í ṣe ìràwọ̀, ìràwọ̀ tó ti kú àti ihò dúdú mọ́ ọn. Ìràwọ̀ ńlá tó kú tó sì di ihò dúdú kò mọ́lẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí kékeré kò ṣe mọ́lẹ̀, nítorí náà ìwúwo tó pọ̀ jù lè wá láti apá méjèèjì. Ẹni tó bá wọn gálásì ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì bú sáyọ̀, ẹ ní kó ṣe sùúrù.

Ṣé a lè fi ojú wa rí nǹkan kan nínú èyí láti Èkó?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ gbójú sókè: àgbájọ ìràwọ̀ Orion fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí yín gan-an, àwọn mẹ́ta tó tò léra wọn ni àmì rẹ̀. Nísàlẹ̀ àwọn mẹ́ta yẹn, ẹ fi awò olójú méjì wá ibi tó dà bí èéfín. Ìkùukùu tó ń bí ìràwọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni, ní nǹkan bí 1,300 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Ìràwọ̀ ńlá mélòó kan wà láàárín rẹ̀ tó ń tan gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kékeré wà lẹ́yìn wọn tí ẹ kò ní rí.

Láìkúrò lójú kan, ẹ kọjú sí gúúsù, sí òkun. Large Magellanic Cloud wà níbẹ̀ ní wákàtí yẹn kan náà, kò ga ju ìwọ̀n 14 lọ sókè ojú omi. Ọyẹ́ àti iná ọkọ̀ ojú omi tó ń dúró ní èbúté sábà máa ń bò ó. Lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ kan ní oṣù kẹta, mo fi awò olójú méjì rí i láti etí òkun Tarkwa Bay, bí ẹni pé ẹnìkan fi ìka tó ní ìyẹ̀fun kan ojú ọ̀run. Ọmọ kan tó bá wa lọ béèrè bóyá òun lè tún wò ó. Ó wò ó títí ọwọ́ fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibẹ̀ ni ìràwọ̀ ńlá ti pọ̀ jù yẹn?" Ibẹ̀ náà ni.

Àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ pátápátá ńkọ́, ṣé wọ́n tóbi?

Ìṣirò ní wọ́n tóbi, ọ̀pọ̀ wọn láti mẹ́wàá-mẹ́wàá oòrùn dé ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Fèrèsé kò sí nígbà náà rárá. Kò sí kábọ́nù, kò sí eruku, haidirójìn àti hílíọ̀mù nìkan ló wà. Gáàsì kò lè tutù kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 70 nísàlẹ̀ òdo, tó jẹ́ pé ó gbóná gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa.

Awò James Webb, tí wọ́n jù sókè ní ọjọ́ Kérésìmesì 2021, ń rí gálásì ìgbà ọmọdé àgbáyé báyìí. Ọ̀kan tí wọ́n kéde ní 2024, JADES-GS-z14-0, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí àgbáyé kò tíì pé 300 mílíọ̀nù ọdún. Ó mọ́lẹ̀ ju bí wọ́n ṣe retí lọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ púpọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé gálásì wọ̀nyí ń bí ìràwọ̀ lọ́pọ̀ kíákíá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń bí i ní ìjì-ìjì, tí a kàn bá wọn pàdé lákòókò tí iná wọn ń jó. Ó sì lè jẹ́ pé ìràwọ̀ ńlá ló pọ̀ jù nínú wọn, kí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ máa jáde látinú ìwúwo díẹ̀. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n ní láti la ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì náà sí àwọ̀, kí wọ́n wá ọ́síjìn nínú rẹ̀. Wọ́n ti rí ọ́síjìn nínú JADES-GS-z14-0 ní tòótọ́, pẹ̀lú awò ALMA, tó túmọ̀ sí pé ìràwọ̀ ńlá kan ti gbé ayé, ti kú, ti bú gbàmù níbẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ yẹn tó gbéra.